Láti Orí Wáyà dé Orí Afẹ́fẹ́: Ìtàn Tẹlifóònù ní Ilẹ̀ Nàìjíríà

Àwọn olóòtú ìwé ọlọ́dọọdún yìí ní kí n kọ ìtàn kan tí ó kan gbogbo wa, mo sì rò pé ó ṣòro láti rí èyí tí ó wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan bí ìtàn tẹlifóònù. Àwọn ọmọ tí ń bẹ ní ilé ẹ̀kọ́ wa nísisìyí rò pé bí Ọlọ́run ti dá oòrùn àti òṣùpá bẹ́ẹ̀ náà ni ó dá fóònù alágbèéká. Àwọn àgbà pàápàá a máa sọ ìtàn náà bí ẹni pé Ààrẹ kan ni ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó pàṣẹ pé kí ó wà, tí ó sì wà. Ìtàn náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní kọ́rọ́ nínú.

Ní ọdún 1886 ni a kọ́kọ́ fi okùn wáyà abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ ìlú London. Ẹ kíyè sí i pé kí Èkó tó lè bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ó ti ń bá London sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe fà á wá; kí àṣẹ ọ̀gá lè máa tètè dé etí Gómìnà ni. Nígbà tí ó fi di 1893, tẹlifóònù ti wà nínú àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, lẹ́yìn náà ni ó nà dé Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ọdún 1923 ni a ṣí ọ̀nà tẹlifóònù ìlú-sí-ìlú àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè sanwó lò, láàrin Itu àti Calabar. Nígbà tí a sì gba òmìnira ní 1960, gbogbo láìnì tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 18,724, àwa ènìyàn sì tó nǹkan bí 40 mílíọ̀nù. Bí a bá pín in, láìnì kan ni fún ènìyàn tí ó lé ní 2,000.

Ní ayé ìgbà náà, iléeṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní P. and T. ni ó ń ṣe ìtọ́jú lẹ́tà, wáyà àti tẹlifóònù pọ̀. Wáyà ni ará oko mọ̀. Iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń sanwó, nítorí náà àwọn olùkọ́ a máa kọ́ ọmọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ogún sọ. Nítorí pé owó ni, ẹni kan kì í kàn ṣàdédé tẹ wáyà láti kí ni. Bí wọ́n bá ti ní wáyà dé, obìnrin á ti ká ọwọ́ lérí kí a tó tú u kà.

Ní 1962 a dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìpè òkè òkun, tí ìjọba àti iléeṣẹ́ Cable and Wireless ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ni. Ní 1972 ìjọba gbà á pátápátá. Òun ni ó kọ́ ilé gogoro tí ó wà ní Marina ní Èkó, èyí tí iná jó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, a da iléeṣẹ́ ìpè òkè òkun yìí pọ̀ mọ́ apá tẹlifóònù ti P. and T., a sì pe orúkọ èyí tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní NITEL.

NITEL nìkan ni ó wà ní ọjà. Òun ni ó ń ta tẹlifóònù, òun ni ó ń pinnu ẹni tí yóò rí i rà, òun kan náà ni a sì retí pé kí ó ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹni tí ń ta gàrí bá tún ni kóńgò tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ta ni yóò bá a wí? Ẹni tí ó bá fẹ́ láìnì a kọ ìwé, a san owó, a sì jókòó dè é fún ọdún púpọ̀. Ìlú ńlá ni èyí tí ó wà pọ̀ sí. Ìlú bí tiwa a máa wo òpó wáyà tí ń kọjá lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, láìnì tí ń ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 400,000, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe àṣìsọ ìtàn ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn wàyí. Àtúntò náà kò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba alágbádá. Lábẹ́ ìjọba ológun, ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ni a ṣe Òfin 75 tí ó dá Àjọ tí ń ṣe àkóso ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NCC. Ní oṣù keje ọdún 1993 ni Olóyè Ernest Shonekan fi í lọ́lẹ̀. Òfin yìí ni ó kọ́kọ́ ya ẹni tí ń tajà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń ṣọ́ ọjà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n òfin wà, ìwà àtijọ́ sì wà. Àwọn iléeṣẹ́ tí ó wọlé nígbà náà kéré, ọ̀wọ́n ni ohun tí wọ́n ń tà, fóònù alágbèéká tí ó sì wà kò ju ti àwọn olówó àti àwọn aláṣẹ lọ. Ìwé àṣẹ tí a pín ní ìparí ìgbà ológun, ìjọba tuntun fagi lé wọn, nítorí pé ìyẹ̀wù ni a ti pín wọn, kì í ṣe gbangba.

Gbangba náà ni ó wá dé ní ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ní Abuja. Gbàǹjo ni. Àwọn baba wa mọ gbàǹjo dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó rí bí eléyìí rí: afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà, èyíinì ni àṣẹ láti gba inú ìgbì afẹ́fẹ́ gbé ohùn ènìyàn kọjá. Ìwé àṣẹ mẹ́rin ni ó wà. A yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún NITEL ní iye tí àwọn yòókù bá rà tiwọn. Mẹ́ta ni a gbé kalẹ̀, iléeṣẹ́ márùn-ún sì jáde wá du mẹ́ta náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ fi 20 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe eré ni ó bá wá. Láti orí 100 mílíọ̀nù dọ́là ni a ti bẹ̀rẹ̀. A ń gbé owó náà sókè ní ìpele-ìpele. Ẹni tí ó bá lè san án dúró, ẹni tí kò bá lè san án jáde. Ní ọjọ́ kẹta ni ó ku mẹ́ta, owó sì ti di 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta náà ni MTN tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá, Econet tí orísun rẹ̀ jẹ́ Zimbabwe, àti Communications Investments Limited, tí a ń pè ní CIL, iléeṣẹ́ Olóyè Mike Adenuga.

CIL kò san owó yòókù ní ọjọ́ tí a dá. Ó ní àwọn kan ṣì jókòó sórí apá kan nínú ìgbì afẹ́fẹ́ tí a pín fún òun, àti pé kí a kọ́kọ́ lé wọn kúrò. NCC kò gbọ́. Ó gba ìwé àṣẹ náà padà, 20 mílíọ̀nù dọ́là sì wọlé. Èrò mi ni pé ìpinnu yìí, bí ó ti korò tó, ni ó fìdí ohun gbogbo tí ó tẹ̀lé e múlẹ̀. Ní ilẹ̀ tí a ti mọ̀ pé ọjọ́ tí a dá kì í pé fún ẹni tí ó bá lágbára, ọmọ orílẹ̀-èdè yìí kan pàdánù nítorí pé ọjọ́ pé, láìsí ojúsàájú. Ọ̀gbẹ́ni Ernest Ndukwe ni ó wà ní ipò olórí NCC nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ láti 2000 dé 2010.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí tajà, Econet ni ó sì fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Inú ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Síìmù nìkan, káàdì kékeré kan, lé ní ₦20,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦7,500. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50, bí o bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan odidi ni wọn yóò gé. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọlé: ènìyàn a pè lẹ́ẹ̀kan, a já a kí ẹnì kejì tó gbé e, ẹnì kejì yóò sì mọ̀ pé a ń wá òun. A sọ ọ́ ní fílàṣì, ó sì di ìjà láàrin ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ gbé agbòòrùn àti tábìlì sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń ta ìpè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú fún ẹni tí kò ní fóònù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni owó abẹ́ agbòòrùn yìí rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Àwọn iléeṣẹ́ náà ní kò tíì ṣeé ṣe láti máa fi ìṣẹ́jú-àáyá gba owó. Olóyè Adenuga, tí ó pàdánù ní 2001, padà wá ní 2002, ó ra ìwé àṣẹ mìíràn ní 200 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì fi orúkọ Globacom jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni ó bẹ̀rẹ̀ ọjà, ìṣẹ́jú-àáyá ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀! Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, àwọn oníbàárà káàkiri orílẹ̀-èdè pa fóònù wọn fún ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó gọbọi àti iṣẹ́ tí kò dán mọ́rán. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ènìyàn tí kò ní fóònù ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti wá ní èyí tí yóò fi ṣe ìyanṣẹ́lódì. Kò pẹ́, àwọn yòókù náà gba ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí ó dà bí àìṣeéṣe nígbà tí alátakò kò sí, ó ṣeé ṣe nígbà tí ó dé.

Nígbà tí 2001 fi parí, láìnì alágbèéká kò ju nǹkan bí 266,000 lọ. Ní ìparí 2004 ó ti lé ní 9 mílíọ̀nù. Ní ìparí 2005 ó lé ní 18 mílíọ̀nù. Etisalat dé ní 2008, ó sì di 9mobile ní 2017. Econet ní tirẹ̀ pààrọ̀ orúkọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi í rẹ́rìn-ín: Vmobile, Celtel, Zain, kí ó tó di Airtel ní 2010. Ní 2014, tí ìjọba tún ìṣirò ọrọ̀ ajé ṣe, a rí i pé ìbánisọ̀rọ̀ tí a kà sí ohun tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ ti lé ní mẹ́jọ. Ọdún kejì rẹ̀ ni NCC bu ìtanràn 5.2 bílíọ̀nù dọ́là lé MTN lórí àwọn síìmù tí a kò forúkọ wọn sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní 2016 ni a dín in kù sí 330 bílíọ̀nù náírà.

NITEL ńkọ́? Òun ni ó ní okùn, ilé, ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù kò ní ju ìwé àṣẹ lọ, síbẹ̀ òun ni ó kú. Ìjọba fẹ́ tà á ní ìgbà púpọ̀. Iléeṣẹ́ kan láti London dá iye tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, kò rí i san. Ní 2003 a gbé e lé iléeṣẹ́ Pentascope ti ilẹ̀ Netherlands lọ́wọ́ kí ó máa bójú tó o, kò yọrí sí rere. Transcorp rà á ní 2006, a gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2010 àwọn kan dá 2.5 bílíọ̀nù dọ́là, owó kò jáde. Ní ìgbẹ̀yìn, NATCOM rà á ní 252 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì fi orúkọ ntel bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo gbàǹjo yìí, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti gun òpó, tí ó ti walẹ̀ sin okùn, dúró ọ̀pọ̀ ọdún de owó ìfẹ̀yìntì wọn. Àwọn kan kú kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá ń kọ orin ìyìn àtúntò, kí ó kọ ẹsẹ yìí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tiwa ni ó kù. Ìwé àṣẹ kì í gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi tí èrè kò sí. Òpó tí a rì sí oko yóò nílò jẹnẹrétọ̀ àti epo dísù tọ̀sán tòru, nítorí iná ìjọba kò dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olè a máa gbọ́n epo náà. Nítorí èyí ni Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 ṣe dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ tí a ń pè ní USPF, láti ran irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn onílẹ̀ wa tí òpó wà lórí ilẹ̀ wọn gbọdọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé, láti 2014 àti 2015, MTN àti Airtel ti ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó wọn fún IHS àti American Tower. Nítorí náà orúkọ tí ó wà lára síìmù lè má jẹ́ orúkọ ẹni tí ó yẹ kí ó san owó ilẹ̀. Ẹ wo ìwé àdéhùn yín dáadáa.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fi owó ìpè àti dátà kún un, kí ó má ju ìdajì owó ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní owó epo àti dọ́là ni ó fà á, èyí kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará abà wa tí ń gun orí àpáta kí wọ́n tó lè pe ọmọ wọn ní Èkó, iye kan náà ni wọn yóò san pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ tí ó ń pè. Mo ti kọ orúkọ àwọn abà náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ti jìnnà tó sí òpó tí ó súnmọ́ wọn jù lọ, mo sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ lé Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́, kí a lè fi í ránṣẹ́ sí USPF ní Abuja kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé.