Ẹ̀ṣẹ́, Òòlù àti Ọmọkùnrin tí Wọ́n Fipá Mú ní Deptford

Ìbà Ògún, ẹni tó ni irin. Ní ọdún 1513, Ọba Henry Kẹjọ dá ibi ìkan-ọkọ̀ ogun sílẹ̀ ní Deptford, létí odò Thames. Àwọn alágbẹ̀dẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tì í pa ní 1869.

Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ kì í fi apá nìkan lu irin. Láti ẹsẹ̀ ni agbára ti ń gbéra. Á gba ìbàdí, á gba ẹ̀yìn àti èjìká, kó tó dé ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ́ rí. Ẹni tí apá rẹ̀ ki, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mulẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò ní wọra. Bí òòlù bá wúwo ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí òòlù kan náà bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kì í fi í le ara gan kó tó jù ú. Ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá fẹ́ balẹ̀ ló ń di ọwọ́ mú pinpin.

Olaudah Equiano, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Igbo, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1789 pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé nínú ọkọ̀ ogun, wọ́n so àwọn ọmọ ní méjì-méjì, wọ́n ní kí wọ́n máa jà kí àwọn ọ̀gá lè rí nǹkan wò. Sílè 5 sí 9 ni wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ òyìnbó kan lù ú débi pé imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Inú bí i, ó jà ju wákàtí kan lọ. Ó rẹ àwọn méjèèjì, wọ́n là wọ́n. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun. Ìbínú ń náni lágbára ni, kì í fún ẹ̀ṣẹ́ ní ojú.

Ní 1810, ó ju abala ìjà ọgbọ̀n lọ kí Tom Cribb tó borí Tom Molineaux, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá. Kí wọ́n tó tún pàdé ní 1811, Captain Barclay kó Cribb lọ fún ìdánrawò. Ara Cribb fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó fọ́ egungun àgbọ̀n Molineaux, ìjà náà kò sì pẹ́. Woolwich, tí kò jìnnà sí Deptford, ni wọ́n sin Cribb sí.

Ṣùgbọ́n ìjà kan wà tí ẹ̀ṣẹ́ kò lè jà. Ní oṣù December 1762, ọkọ̀ Equiano gúnlẹ̀ sí Deptford. Ọ̀gá rẹ̀, Pascal, fi idà halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tà á fún Captain Doran. Equiano kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ti sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé òfin kò fàyè gbà á láti ta òun. Doran ní ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì jù. Wọ́n gbé e lọ sí Montserrat. Níbẹ̀ ló ti ń ṣòwò díẹ̀díẹ̀, tó fi ra ara rẹ̀ padà ní 1766.

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Peckham lónìí, kó kọ́kọ́ mọ ibi tó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kó sì mọ ìgbà tí ẹnu àti orí ni òòlù. Kí Ògún má fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wẹ̀. Àṣẹ.