Bí Ọtí Àmujù Ṣe Ń Fa Ìfarapa Láàrin Àwọn Àgbàlagbà

Ọtí kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń fi ẹmu ṣe àlejò, wọ́n ń fi ọtí tọrọ ìyàwó, wọ́n sì ń fi í ṣe ètùtù. Àmọ́ àwọn àgbà ti mọ ewu inú rẹ̀ tipẹ́. Ìtàn táwọn oníṣẹ̀ṣe ń sọ ni pé ẹmu ni Ọbàtálá mu yó tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ṣe déédéé mọ́ nígbà tó ń mọ èèyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu. Ọwọ́ tí kò ṣe déédéé yìí gan-an làwọn oníṣègùn òde òní ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí ọtí ṣe ń ṣe àgbàlagbà léṣe.

Bí wọ́n bá dárúkọ ọtí àti ìfarapa pọ̀, ẹni tó máa ń wá sọ́kàn ni ọ̀mùtí paraku tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú títì. Ewu tirẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú wọn kò tó nǹkan láwùjọ. Àwọn tó pọ̀ ni àwọn tí kì í mutí láàrin ọ̀sẹ̀, àmọ́ tí wọ́n á mu ìgò bíà mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìjókòó kan níbi ìnáwó òkú tàbí ìkómọ, tí wọ́n á sì gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nítorí pé wọ́n pọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ìfarapa tí ọtí ń fà ti ń wá. Ara tí ọtí kò mọ́ kì í tètè gbà á.

Láàrin 2001 sí 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan láwọn ilé ìwòsàn tó ń gba ìtọ́jú pàjáwìrì, lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é ni South Africa, Mozambique àti Brazil. Wọ́n bi ẹni tó farapa léèrè ohun tó mu láàrin wákàtí mẹ́fà kó tó farapa, wọ́n sì tún bi í ní ohun tó mu lásìkò kan náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ọgbọ́n ńlá ni, torí pé èèyàn kan náà ni wọ́n fi wé ara rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2006 fi hàn pé ife kan péré sọ ewu ìfarapa di bí ìlọ́po mẹ́ta. Ife mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ ọ́ di bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Kí ni wọ́n ń pè ní ife kan? Ìgò bíà ńlá wa tó gba 60 sẹ̀ǹtílítà súnmọ́ ife méjì. Ọtí líle inú ọ̀rá kékeré, 30 mílílítà péré, kò jìnnà sí ife kan odindi. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ìgò bíà ńlá kan lè gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Kọfí, omi tútù, orógbó àti epo pupa kò lè mú un yára. Ẹni tó bá mu ìgò márùn-ún títí di ọ̀gànjọ́ òru, tó wa mọ́tò láago mẹ́fà ìdájí, ọtí ṣì wà lára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, 50 mílígíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni òfin gba awakọ̀ láyè mọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Scotland láti 2014, àmọ́ 80 ni ti England.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọ̀pọ̀ tó ń mutí kò kà á sí ọtí. Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró tàbí ọtí líle mìíràn ni. Ẹni tó rà á á ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lòun ń mu. Ife kékeré kan láàárọ̀, òmíràn kí mọ́tò tó kún, awakọ̀ á sì búra pé òun kò mutí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èémí wò kò mọ̀yàtọ̀ agbo sí ọtí. Ní ti ọtí inú ọ̀rá, àjọ NAFDAC fòfin de ṣíṣe rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, kí wọ́n tó sún gbèdéke náà dìgbà òpin 2025 lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣe é ti pariwo.

Kì í ṣe ẹni tó mu ún nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún 2019 ni pé nǹkan bí 298,000 èèyàn ni jàǹbá ọkọ̀ tí ọtí fà pa lágbàáyé, tí 156,000 nínú wọn sì jẹ́ pé ọtí ẹlòmíràn ló pa wọ́n.

Jàǹbá náà kò mọ sójú títì. Dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko mọ ẹlẹ́mu tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọtí gbé ṣubú. Igbà míì ti gbó, ọ̀pẹ míì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́ ẹmu wò láti orí ọ̀pẹ kan dé òmíràn, ọwọ́ tó fi ń ju igbà lọ́sàn-án kò ní dá bíi ti àárọ̀ mọ́. Eegun ẹ̀yìn ló sì máa ń kán.

Àṣìṣe kan wà tó ń pa ẹni tí kò yẹ kó kú. Ọ̀mutí ṣubú, ó forí gbálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, oorun ń gbé e lọ, àwọn ará ilé á ní ọtí ló ń pa á, kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nínú agbárí máa ń hùwà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ń bì léraléra, bí ẹyinjú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, bí apá kan ara kò bá gbéra, tàbí tí wọ́n ta á jí tí kò dáhùn, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn, kí èébì má bàa há a lọ́nà ọ̀fun, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ro ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Nílé ìwòsàn, òótọ́ ohun tó mu àti iye tó mu ṣe pàtàkì fún ẹni tó máa fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí kí gìrì mú un, láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láìrí ọtí. Oògùn wà tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀, bí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú.