Stephen Keshi, Láti Báńkì Èkó Dé Anderlecht

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ọdún kẹwàá ní kí Alukoro wá ìtàn bọ́ọ̀lù kan sínú ìwé yìí, ohun tí gbogbo wa ń retí ni Teslim Balógun tàbí Haruna Ilerika, àwọn tí bàbá wa kì í yé sọ̀rọ̀ wọn. Orúkọ Stephen Keshi ni a mú wá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ọ̀kan lára wa bèèrè pé, “Ọmọ ta ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó?”

Ìbéèrè náà kò burú. Ní àdúgbò wa, kí a tó bi ènìyàn léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, agboolé rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ bèèrè. Ìdáhùn wa nìyí: Illah, ní ìpínlẹ̀ Delta ti òní, ni ìlú bàbá rẹ̀. Azare lókè Ọya ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 1962. Ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà, Èkó ni ó ti kàwé, Èkó náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi owó lé e lọ́wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St Finbarr's ní Akoka ni, ilé-ẹ̀kọ́ tí Fadá Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, tí òkìkí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò kéré sí òkìkí ìwé rẹ̀.

Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ báńkì nínú ẹgbẹ́ yìí ni ìtàn tó kù wọ̀ lára jù. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ló ń ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Railway ní tiwọn, NEPA ní tiwọn, Leventis ní tiwọn. Stationery Stores ti Israel Adébájọ̀ ni èyí tí ará Èkó lè torí rẹ̀ jà. Àwọn báńkì náà kò gbẹ́yìn. African Continental Bank, tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà ní Broad Street níbí, ní ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ACB. Ibẹ̀ ni Keshi ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ọmọ ọdún 17. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, báńkì mìíràn gbà á, ìyẹn New Nigeria Bank ti Benin. Pẹ̀lú wọn ni ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1983, wọ́n sì tún gbà á ní 1984.

Ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró, ní àárín, níwájú kípà. Ó ga, ó lágbára, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níwájú. “Big Boss” ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní 1984, nígbà tí Adégbóyè Onígbìndé kó Green Eagles lọ sí ìdíje Áfíríkà ní Abidjan, Keshi ọmọ ọdún 22 ni balógun ikọ̀. A dé àṣekágbá, Cameroon nà wá 3-1.

Ní 1985 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, NFA, dá òun àti àwọn mélòó kan dúró nítorí pé wọn kò yọjú sí àgọ́ ìgbaradì. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà mọ̀ pé irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ lè pa iṣẹ́ ènìyàn rẹ́. Ibo ni ó gbà? Abidjan, ìlú tí wọ́n ti nà án ní ọdún kan sẹ́yìn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, ó bọ́ sí Africa Sports, nígbà tí ó sì di 1986 ó ti wà ní Lokeren, ní Belgium. Ọdún kan péré ni ó lò níbẹ̀ tí Anderlecht ti Brussels, ẹgbẹ́ tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà, fi rà á.

Ọdún mẹ́rin ni ó lò ní Anderlecht, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbó. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Belgium ní 1988 àti 1989, wọ́n gba líìgì ní 1991. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1990, ó wà lórí pápá ní Gothenburg, ní Sweden, níbi àṣekágbá Cup Winners' Cup ti Yúróòpù. Sampdoria ti Ítálì ni wọ́n bá pàdé. Aádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú kọjá láìsí góòlù. Ní àfikún àkókò ni Gianluca Vialli gbá méjì wọlé. Àwa ọmọ ọdún mẹ́wàá ìgbà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni kan láti St Finbarr's wà níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù nípa rẹ̀ ni pé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn. Peter Rúfáì, ọmọ ọba Ìdímù, tó ti ṣe kípà fún Stationery Stores, dé Lokeren ní 1987. Daniel Amokachi dé Club Brugge ní 1990. Èyí tó ya ni lẹ́nu jù ni ti Nii Lamptey, ọmọ Ghana. Ọmọ náà sá kúrò nílé, ó wọ táksí gba Togo àti Benin kọjá, ó forí lé Èkó. Keshi bá a wá ìwé ìrìnnà tó sọ ọ́ di ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé Anderlecht. Kò tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Belgium. Àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánimọ̀ oníbàárà wò lójoojúmọ́ kò lè gbóríyìn fún ìwé ìrìnnà yẹn o. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó ti rí ọ̀nà padà wá mú ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn Anderlecht, ó lọ sí Strasbourg ní Faransé, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n padà sí ipele àkọ́kọ́ ní 1992. Ó padà sí Brussels fún RWDM, ó dé Sacramento ní Amẹ́ríkà, ó sì parí rẹ̀ ní Perlis ní Malaysia ní 1998.

Ní ti Eagles, Cameroon tún gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1988, 1-0 ní Casablanca. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn Abidjan, ní 1994, a gbà á ní Tunis. Balógun ikọ̀ ṣì ni Keshi. A wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwa tó ń ka ìwé yìí mọ bí Ìdúmọ̀tà ṣe rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní World Cup Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wọ pápá, nígbà tí a na Greece 2-0.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí báńkì díẹ̀. Ní 2005, nígbà tí Soludo ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, báńkì 89 di 25. ACB wọnú Spring Bank, New Nigeria Bank wọnú Unity Bank. Spring di Enterprise, Enterprise wọnú Heritage, CBN sì gba ìwé àṣẹ Heritage ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Nínú ọdún 2005 yẹn kan náà ni Keshi, tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, mú Togo dé World Cup fún ìgbà àkọ́kọ́. Báńkì méjèèjì tó kọ́kọ́ sanwó fún un ti parẹ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn náà ti parẹ́. Ọmọ ọdún 17 tó mọ bọ́ọ̀lù ní Campos lónìí, ta ni yóò san owó oṣù fún un kí ó tó rí Belgium?

Ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2013, Keshi gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹnì kejì tí yóò gbà á ní ọ̀nà méjèèjì lẹ́yìn El-Gohary ti Íjíbítì. Sunday Mba, tí ó gbá góòlù kan ṣoṣo náà wọlé, líìgì ilé ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Keshi kú ní Benin ní oṣù kẹfà, ọdún 2016, ọmọ ọdún 54.

Níbi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò tí a ó gbá fún ayẹyẹ yìí, ife kan wà fún agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó bá dára jù. Orúkọ Keshi ni a kọ sí i. Ẹni tó bèèrè pé ọmọ ta ni ló san owó rẹ̀.