Igbó tí Fágúnwà gbé wá sí Ọ̀yọ́

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, mo ní ìtàn láti sọ. Gbogbo wa la mọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì kà á, ẹ ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu tíṣà Yorùbá yín. Ìbéèrè mi: níbo ni D. O. Fágúnwà wà nígbà tó kọ ìwé yẹn? Ẹ má sọ pé inú igbó. Ìlú Ọ̀yọ́ ló wà. Láti Awẹ́ níbí, ọ̀kadà á gbé yín dé Ọ̀yọ́ kí orin mẹ́ta tó tán létí yín. Ó yá, ẹ bá mi kálọ.

2. Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ìtàn àròsọ kan. Mo kó igbó dídí sínú ẹ̀, mo kó iwin sí i, mo gbin ìrókò mẹ́ta sójú ọ̀nà. Inú mi dùn gan-an. Mo wá kà á fún bàbá kan tó jẹ́ ọdẹ ládùúgbò wa. Wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ó dùn létí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n igbó wo nìyẹn? Ta ló mú ẹ débẹ̀?" Ẹnu mi wọhò.

3. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹni tó bá ti gba títì àtijọ́ láti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́ á mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹ dé Fìdítì, wọ́n ń na ọsàn àti máńgòrò sí yín lójú fèrèsé mọ́tò. Ẹ kọjá Ìlọrà, ojú ń là sí i. Igi ò fún mọ́ra níbí. Koríko ló pọ̀, igi emi lọ́tùn-ún, igi irú lósì. Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọdẹ á tinábọ ìgbẹ́, eérú á máa fò wọ àgbàlá, á bà sórí aṣọ tẹ́ ẹ sá. Igbó tí oòrùn ò ráyè wọ̀, èyí tí mo kọ sínú ìtàn mi, mi ò dé irú ẹ̀ rí láyé mi. Inú ìwé Fágúnwà ni mo ti jí i gbé.

4. Ó dáa. Níbo wá ni Fágúnwà alára ti rí i? Ọdún 1903 ni wọ́n bí i, ní Òkè-Igbó, ìlú kan láàárín Ilé-Ifẹ̀ àti Oǹdó. Orúkọ ìlú yẹn ti sọ ọ́ tán: òkè wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀. Dérìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, ọmọ ọba Ifẹ̀ tó jẹ́ jagunjagun, ni ìtàn sọ pé ó tẹ ìlú náà dó, lásìkò tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

5. Ẹ fojú inú wo ọmọ tó dàgbà sírú ìlú bẹ́ẹ̀. Igbó ni oko, igbó ni wọ́n ti ń já ewé oògùn, igbó náà ni odi tí ọ̀tá ò lè fò. Ibì kan wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ má pariwo. Ibì kan wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ má yà sí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, ìtàn ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Gbogbo ọ̀nà oko ló ní ìtàn tiẹ̀, ọmọ á sì mọ ìtàn ọ̀hún kó tó mọ̀wé kà.

6. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ náà. Daniel Orówọlé Fágúnwà. Bíbélì, Orò àti Ifá, gbogbo wọn jókòó sórí ẹní kan ṣoṣo. Àwọn òbí ẹ̀ ti di onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti jáde ṣì wà nínú orúkọ. Nígbà tó yá, ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò Orówọlé. Ẹ ṣáà wò ó: lẹ́tà O yẹn ò kúrò níbẹ̀. D. O. ló ṣì ń jẹ́. Lójú tèmi, bí àwọn ìwé ẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìwàásù wà lókè, ohun tó wà nílé tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

7. Ní 1926, ó wá sí St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ láti kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó ṣe tán ní 1929. Láti 1930 títí di 1939, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé tó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ ṣírò ẹ̀: nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ló lò lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láti bí ẹni ọdún mẹ́tàlélógún títí tó fi lé ní márùndínlógójì. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà níbí yìí nìyẹn o.

8. Ní 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kéde ìdíje fáwọn tó bá lè kọ ìwé. Tíṣà wa gbé kálámù. Ní 1938, CMS tẹ ìwé náà jáde. Ẹ rántí ohun tó wà níta fèrèsé ẹ̀ o. Ọ̀yọ́ ni. Ààfin wà ńbẹ̀, ìlù wà ńbẹ̀, ọ̀dàn wà ńbẹ̀. Ó lè kọ ìwé nípa Aláàfin àti ẹṣin, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Igbó ló kọ.

9. Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn. Ká ní Òkè-Igbó ni Fágúnwà jókòó sí, bóyá ni ìwé yẹn ì bá rí bó ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá ń gbé létí igbó, ibi tí ìyá yín ń rán yín lọ ṣẹ́gi lásán ni. Tẹ́ ẹ bá jìnnà sí i fún ọdún mẹ́wàá, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Igi á ga sí i. Òkùnkùn á ki sí i. Ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́mọdé á di ẹni tó lójú, tó nímú, tó lórúkọ. Èmi náà rí i nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀. Mi ò ronú kan Awẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo wà níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

10. Kì í ṣe òun nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, iṣẹ́ méséńjà ló ń ṣe ní Labour Department l'Ékòó. Fáìlì lọ́tùn-ún, fáìlì lósì. Àmọ́ igbó àti ìlú àwọn òkú ló kún inú The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ ní London ní 1952. Ẹ wá wo I. B. Thomas tó gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀, Akéde Èkó, láàárín 1929 sí 1930. Èkó ni ilẹ̀ tiẹ̀, Èkó ló sì kọ: àdúgbò Èkó, ọkùnrin Èkó, òfófó Èkó. Kálukú ń bu omi nínú kànga ilé ẹ̀.

11. Ó yá, kí ni Fágúnwà mú nínú àlọ́ àti ìtàn àwọn àgbà? Àkọ́kọ́ ni ọdẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdẹ ló ń sọ̀tàn, tí kì í ṣe tíṣà bíi tiẹ̀? Láyé àtijọ́, ọdẹ ló máa ń dé ibi tí ẹlòmíì ò lè dé, lóru, lóun nìkan. Bó bá padà délé tó ní òun bá nǹkan kan pàdé, ta ló fẹ́ lọ wò ó bóyá òótọ́ ni? Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ọdẹ lè bu iyọ̀ sí i, gbogbo abúlé náà ló sì fẹ́ gbọ́. Ká sòótọ́, oníìtàn àròsọ ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí ìdíje 1936 tó dé. Ìbọn ló kàn gbé kọ́ èjìká.

12. Ìkejì ni èrò. Nínú ìwé náà, Àkàrà-ògùn, ọdẹ ọ̀hún, wá bá ẹnì kan, ó ní kó mú ìwé àti kálámù, kó máa kọ ohun tóun bá sọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n ti wá jókòó. Nígbà tó tún di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti pọ̀ sí i. Àlọ́ alẹ́ nìyẹn! Ẹnì kan ń sọ, àwọn tó kù ń gbè é, ẹni tó ń kọjá lọ náà yà. Ohun tí à ń ṣe níbí yìí náà nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

13. Ìkẹta ni òkè. Ọba rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó, Àkàrà-ògùn kó àwọn akọni bíi Kákò, Ìmọ̀dóye àti Olóhùn-iyọ̀ dání. Ìmọ̀dóye ló ń lo ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ló ń kọrin. Àlọ́ kì í jókòó ṣàlàyé ìwà èèyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́, inú orúkọ ló máa ń kó o sí. Fágúnwà gbé ọgbọ́n yẹn látilé.

14. Ká má parọ́, igbó nìkan kọ́. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni. Bíbélì Yorùbá tí wọ́n túmọ̀ parí ní 1884 wà létí ẹ̀, ìtàn arìnrìn-àjò tí John Bunyan kọ, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá, wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tó fi lè dá ìjà dúró láàárín kan, kó máa wàásù fún wa. Èdè tó fi kọ ọ́ náà kì í ṣe ti Òkè-Igbó pọ́ńbélé. Yorùbá ilé ìwé ni, èyí tí èdè Ọ̀yọ́ jẹ́ gbòǹgbò ńlá nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ àti Afijio, ẹ lè gba díẹ̀ nínú ògo yẹn, mo fún yín láyè.

15. Ó kọ ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin sí i: Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje àti Àdììtú Olódùmarè tó jáde ní 1961. Ẹ ka iye igbó tó wà nínú àwọn orúkọ yẹn. Ó gbé Èkó, ó dé ìlú Òyìnbó, igbó yẹn ò fi í sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, odò gbé e lọ ní Wúyà, lápá Bídà. Ní 1968, ìwé àkọ́kọ́ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Wọlé Ṣóyínká ló túmọ̀ ẹ̀.

16. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ. Mo padà lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ̀rù ti bà yín jù rí?" Mo rò pé wọ́n máa dárúkọ igbó kan. Wọ́n ní: "Ibi tí iná ti jó kọjá, lọ́sàn-án gangan." Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní koríko ti tán, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí, ilẹ̀ dúdú lọ súà, ẹyẹ kan ò ké. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ààjà ti máa ń dìde.

17. Ẹ mọ ààjà, àbí? Atẹ́gùn tó ń yí bí òkòtó, tó ń gbé eruku. Àwọn àgbà gbà pé ó lè gbé èèyàn lọ, kó kọ́ ọ ní ewé àti egbò fún ọdún pípẹ́, kó tó dá a padà ní oníṣègùn. Irọ́ ni o, òótọ́ ni o, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni mò ń rí ààjà lẹ́yìn ilé wa, tí mò ń sáré ti fèrèsé kí eruku má bàa wọlé. Ìtàn wà lójú fèrèsé mi, èmi ń lọ yá igbó onígbó.

18. Mo ti ju ìtàn àkọ́kọ́ yẹn nù. Èyí tí mò ń kọ báyìí, kò sí ìrókò kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà lórí ilẹ̀ tí iná ti jó, ọ̀sán pọ́n, gbogbo ayé ń rí i, kò sì sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún bàbá, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ibẹ̀ ni mo mọ̀."

19. Ohun tó wá ń dùn mí nìyí. Igi irú tí ìyá àgbà mi máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ bí wọ́n bá ń pàlọ́ fún wa, wọ́n ti gé e. Wọ́n ti pín ilẹ̀ yẹn sí pulọ́ọ̀tì. Igi emi tó wà níwájú, àwọn tó ń sun èédú ti gbé e lọ. Àlọ́ mẹ́ta péré ló kù lórí mi nínú tìyá àgbà. Mi ò gba ìyókù sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, fóònù sì wà lọ́wọ́ mi. Òkè-Igbó náà, kòkó ti gba ọ̀pọ̀ igbó lápá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ tiwọn sílẹ̀.

20. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀tàn, ẹ ka Fágúnwà dáadáa, àmọ́ ẹ má jí igbó ẹ̀ bíi tèmi. Ọmọ Ìlàjẹ, omi lẹ ní. Ọmọ Ìdànrè, àpáta lẹ ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Mushin tàbí Peckham, ẹ ní àtẹ̀gùn tí iná ẹ̀ kì í tàn àti ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ń gbé lókè.

21. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi: orúkọ ìlú yín, ibì kan ṣoṣo níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀. Màá ka gbogbo ẹ̀. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Awẹ́, lẹ́yìn ilé wa, lásìkò ọyẹ́. Ìyá àgbà mi ní bí ààjà bá ń bọ̀, a ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lórúkọ.