Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọmọdé ní Àgbàlá Ilé: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Kábáwà, Lọ́kọ́ja

Kábáwà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú Lọ́kọ́ja, ní etí odò Ọya, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ibi tí odò náà ti pàdé odò Bẹ́núé. Inú èdè Haúsá ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí Kabawa ni àwọn Haúsá ń pe àwọn ènìyàn Kẹ́bbi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Haúsá nìkan ni ó tẹ Lọ́kọ́ja dó. Láti nǹkan bí 1859 sí 1860 tí William Balfour Baikie, oníṣègùn ará Scotland, ti pa ibùdó rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè Patí, ni Núpé, Haúsá, Yorùbá, Ígbìrà àti Kàkàǹdá ti ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú ni àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ wà, àwọn tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, bákan náà bí ti Bùnú, Owé, Ìjùmú àti Yàgbà.

Àwọn òpìtàn kò fi Lọ́kọ́ja ṣeré. Wọ́n ti kọ̀wé nípa ìrìn àjò 1841 àti oko àwòṣe tí ó fọ́ ní kíá. Wọ́n ti kọ̀wé nípa Baikie, àti nípa Lugard tí ó ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ìtàn ni ohun tí àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ wọn ṣe ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àwọn àgbà ń ṣòwò, tí wọ́n ń jagun, tí wọ́n sì ń bá ìjọba dọ́rẹ̀ẹ́. Eré ni a ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú eré yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí a ṣe ń so nǹkan pọ̀, àti bí a ṣe ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe.

Kí á fi pòròpórò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà, pòròpórò a máa kún oko àti ẹ̀yìnkùlé, àgbà a fi dáná tàbí kí ó fi sọgbà. Ọmọdé ní tirẹ̀ a bó èèpo rẹ̀ tí ó le sọ́tọ̀, a sì gé inú rẹ̀ tí ó fúyẹ́ sí kéékèèké. Èèpo yìí ni yóò là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí yóò máa fi gún ègé kan mọ́ èkejì. Kò lo ìṣó, kò sì lo àtè. Báyìí ni ó ṣe ń kọ́ ilé, tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń ṣe mọ́tò, tí ó sì ń ṣe awò ojú tí yóò gbé sí imú rẹ̀ tí yóò máa rìn bí ọ̀gá tíṣà. Bí abẹ́rẹ́ bá nípọn jù, inú pòròpórò a là sí méjì. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, mọ́tò náà kò ní dúró. Kò sí ẹni tí yóò bá ọmọ wí fún àṣìṣe yìí, nítorí pé pòròpórò fúnra rẹ̀ ti bá a wí. Ohun kan ṣoṣo tí àgbà ní láti mójú tó ni pé èèpo náà mú bí abẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa bó o, kí àwọn kéékèèké tí kò ì pé ọmọ ọdún márùn-ún máa gún un pọ̀.

Amọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ń gbé etí odò kò ní láti ra amọ̀. Ọmọ yóò ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, yóò fi omi pò ó títí yóò fi rọ̀, yóò sì mọ màlúù, ìkòkò, ènìyàn àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó bá sá a sínú oòrùn gan-an yóò rí i pé ó sán. Abẹ́ ìbòòji ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbẹ. Ìmọ̀ yìí kan náà ni amọ̀kòkò fi ń jẹun. Ní ìdílé tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ìkòkò ìṣeré tí ọmọbìnrin ń mọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, a kò sì lè fi ìlà pààlà sí ibi tí eré parí sí àti ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti rí pẹ̀lú ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ń fin ẹwìrì nìyẹn, àti ọmọ aláró tí ń fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ fún àdìrẹ oníko ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo.

Kùkù àgbàdo náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin a máa mú àgbàdo tútù tí irun rẹ̀ ṣì wà lórí, wọn a di irun náà bí ẹni di irun orí, wọn a wá fi àkísà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ọmọlangidi tí agbẹ́gilére gbẹ́ lẹ́wà jù ú lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọlangidi yẹn ti parí kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí mílíìkì inú agolo àti bàtà sílípáàsì sì di ohun tí ó wọ́pọ̀, àwọn ọmọkùnrin sọ agolo di mọ́tò, wọ́n gé àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tí ó ti já ní róbótó fún ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi okùn fà á káàkiri àdúgbò. Àwọn kan a máa pe èyí ní eré pàǹtí. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rin yí lẹ́ẹ̀kan náà láìwọ́ kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Bùnú, tí kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja, aṣọ híhun ni iṣẹ́ àwọn obìnrin, lórí òfì òòró tí a gbé dúró. Òwú gbígbọ̀n àti òwú ríran ni ọmọdébìnrin fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé a jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òfì. Láti ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni aṣọ ipò ti jáde, aṣọ pupa tí a ń lò fún ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan nípa aṣọ Bùnú tí ó jáde ní 1995, ó sì hàn gbangba níbẹ̀ pé nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1980 sí 1989, aṣọ híhun ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ti lọ sí ilé ìwé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ohun tí kò dára ni wọ́n lọ ṣe.

Ilé ìwé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ dé. Ní 1865 ni a dá ilé ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ó sì wà lára àwọn ilé ìwé tí ó pẹ́ jù lọ ní apá àríwá Nàìjíríà. Crowther fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀ ní Òṣoògùn. Lẹ́yìn tí a sì gbà á sílẹ̀ lóko ẹrú ní 1822, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró, bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwé. Lójú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìwé àti ọwọ́ kò bá ara wọn jà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n pín wọn níyà, tí àwọn òbí fi wá gbà pé ẹni tí ó bá ti di akọ̀wé kò tún gbọdọ̀ ní amọ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1922, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kéde ìlànà ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún Áfíríkà ní 1925, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn mu, kí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko wọ inú ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tí ó mọ ìwé ni ó ń jókòó ní ọ́fíìsì, ẹni tí ó ń hun apẹ̀rẹ̀ kò sì nílò láti san owó ilé ìwé kí ó tó mọ̀ ọ́n hun. Wọ́n fura pé ńṣe ni òyìnbó fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ rọ́pò ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Ìfura yìí kò ṣàìní ìdí.

Àríyànjiyàn kan náà ni ó wà láàrin Aina Onabolu àti Kenneth Murray. Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó. Òun ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ òyìnbó wá, èyí sì ni Murray tí ó dé ní 1927. Onabolu fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà fi hàn pé kò sí àwòrán tí òyìnbó lè yà tí òun kò lè yà. Murray ní tirẹ̀ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn, títí kan amọ̀ mímọ àti igi gbígbẹ́; ní 1937 ó kó iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù, Ben Enwonwu sì wà lára wọn. A kò lè dá ẹ̀bi fún Onabolu, nítorí ẹ̀gàn ni ó ń bá jà. Síbẹ̀, nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó ń gún pòròpórò ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹni tí ó ronú kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Jámánì. Friedrich Froebel dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Blankenburg ní 1837, ó kó amọ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́, bébà kíká àti híhun lé wọn lọ́wọ́, ó sì sọ pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé. Ìjọba Prussia fòfin dè é ní 1851. Ní òde òní, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò tọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ há orúkọ Froebel sórí láìmọ̀ pé ohun èlò rẹ̀, àfi bébà, kún ẹ̀yìnkùlé ìyá òun.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 kò kan Lọ́kọ́ja, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni ó wà nígbà náà. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1976 ni ó kàn án, nígbà tí ìlú náà wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, kí a tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ibi gbogbo ni ilé ìwé ti kún, háńdíwọ́ọ̀kì sì wà lórí tímùtébù. Báwo ni ó ti rí? Tíṣà a ní kí olúkúlùkù mú ìgbálẹ̀ kan wá fún máàkì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lówó a ra ìgbálẹ̀ ní ọjà, a gba máàkì. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha imọ̀ ọ̀pẹ, tí ó sì dì í bí agbára rẹ̀ ti mọ, a gba máàkì tí ó kéré, nítorí pé ìgbálẹ̀ ọjà dán ju tirẹ̀ lọ. Àṣà yìí kò tán títí di òní. Ọlọ́jà ìgbálẹ̀ ni ó ń yege nínú ìdánwò náà.

Ìgbìyànjú tí ó yàtọ̀ ni ti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970 ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́. Èdè ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí nípa ètò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ń bá sọ̀rọ̀ ní èdè ilé rẹ̀ ni ó lè sọ fún olùkọ́ ohun tí òun ń mọ, ìdí tí ó fi sán, àti ohun tí òun fẹ́ fi dí i. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, fara mọ́ èdè abínibí fún àwọn ọmọ kékeré. Ó kù nígbà náà kí olùkọ́ ní Kábáwà, tí ó lè ní ọmọ Núpé, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ nínú kíláàsì kan ṣoṣo, mọ èyí tí yóò mú.

Ní 2012, omi Ọya kún kọjá ààlà, ó wọ Kábáwà àti àwọn àdúgbò mìíràn ní etí odò, ó lé àwọn ènìyàn kúrò nílé. Ní 2022 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé, bébà àti àwọ̀ kíkùn kì í bọ́ lọ́wọ́ irú omi bẹ́ẹ̀, owó ni a ó sì fi rà wọ́n padà. Amọ̀ ni omi náà fi sílẹ̀ nígbà tí ó lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé.