Ihò Inú Egungun Ojú: Bí Aráyé Ṣe Mọ Àrùn Sáínọ́ọ̀sì àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Wò Ó

Nathaniel Highmore jẹ́ dókítà ní ìlú Sherborne, ní apá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Láàrin àwọn aláìsàn rẹ̀ ni obìnrin kan wà tí eyín ti yọ lẹ́nu pẹ́. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀kan nínú eyín òkè rẹ̀ yọ, èérún egungun bá eyín náà jáde, ihò ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, omi ikun sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn láti inú ihò náà láìdáwọ́ dúró. Obìnrin náà fẹ́ mọ orísun omi yìí. Ó ki ọ̀pá fàdákà tínínrín kan bọ inú ihò náà, ọ̀pá náà sì lọ sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ ẹyinjú rẹ̀. Èyí kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú ìyẹ́ ẹyẹ kékeré kan tí a ti tu irun ara rẹ̀ kúrò, ó tì í wọlé, ìyẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán. Jìnnìjìnnì bò ó. Ó gbà pé inú ọpọlọ òun ni ìyẹ́ náà wọ̀, ó sì tọ dókítà rẹ̀ lọ. Highmore fi yé e pé ìyẹ́ náà kò dé ọpọlọ rárá; ńṣe ni ó ká bí okùn sínú ihò kan tí ó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo ènìyàn. Ní 1651, ó kọ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀yà ara, ó sì ya àwòrán ihò náà sí i. Títí di òní, àwọn oníṣègùn kan ṣì ń fi orúkọ Highmore pe ihò náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà ń kọ́ni ni òun náà gbà gbọ́. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, Galen, oníṣègùn ọmọ Pẹ́gámù tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Róòmù, ti kọ́ àwọn ènìyàn pé inú ọpọlọ ni ikun imú ti ń wá. Egungun tí ó pààlà láàrin imú àti ọpọlọ ní àwọn ihò wíníwíní lára bí asẹ́, Galen sì rò pé àwọn ihò yìí ni ìdọ̀tí ọpọlọ ń gbà já sí imú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fún àwọn aláìsàn ní lẹ́búlẹ́bú tí ń mú ni sín, kí ọpọlọ lè mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí lo ju 1,400 ọdún lọ kí ó tó wó.

Ẹni tí ó wó o ni Conrad Victor Schneider, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Wittenberg ní ilẹ̀ Jámánì. Ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 1660 lórí ọ̀rọ̀ kátà fi hàn pé kò sí ọ̀nà kankan tí ikun lè gbà ti inú ọpọlọ wá sí imú. Awọ tútù tí ó bo inú imú fúnra rẹ̀ ni ó ń pèsè ikun. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, ṣùgbọ́n òun ni ó yí ojú àwọn oníṣègùn kúrò lórí ọpọlọ, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá àrùn náà ní ibi tí ó wà. Ó yẹ kí a mẹ́nu kan Leonardo da Vinci pẹ̀lú, ẹni tí ó ti gé agbárí sí méjì ní nǹkan bí 1489, tí ó sì ya ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà dáadáa, ní èyí tí ó ju 150 ọdún lọ ṣáájú Highmore. Ṣùgbọ́n Leonardo kò tẹ àwòrán náà jáde, àwọn oníṣègùn kò sì rí i lò. Ìmọ̀ tí a tì mọ́ inú àpótí kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Kí ni àwọn ihò wọ̀nyí gan-an? Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì: nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, nínú egungun iwájú orí lókè ìpéǹpéjú, láàrin ojú méjèèjì níbi tí àwọn ihò kéékèèké ti fara kọ́ra bí ilé oyin, àti lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún, nítòsí ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí ó wà nínú wọn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó tẹ́ inú wọn, irun wíníwíní tí ojú lásán kò lè rí sì wà lórí awọ náà, tí ó ń mì láìsinmi, tí ó sì ń gbá ikun lọ sí ẹnu ọ̀nà kékeré tí ihò kọ̀ọ̀kan fi ṣí sínú imú. Ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ̀ ju ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ lọ. Ti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ tilẹ̀ tún burú sí i: òkè ni ó wà, bí yàrá tí ojú fèrèsé rẹ̀ wà lábẹ́ àjà, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró tàbí tí ó jókòó, ikun kò lè fúnra rẹ̀ ṣàn jáde. Àwọn irun náà ni wọ́n ń gbé e gòkè. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú ènìyàn, awọ inú imú yóò wú, ẹnu ọ̀nà yóò dí, ikun yóò sé mọ́ inú ihò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí yóò sì máa wúwo, pàápàá nígbà tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá wá rí ikun tí ó sé yìí, yóò di ọyún.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbà àtijọ́ mọ̀ pé ọyún wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà wọ́n, nítorí pé ìtòsí ojú àti ọpọlọ ni. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣe àpèjúwe ìwúlé rírọ̀ kan tí í máa ń yọ sí iwájú orí nígbà tí ọyún bá wà lábẹ́ egungun. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé àrùn ihò iwájú orí wà lára ohun tí ń fà á. Kí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn tó dé, ẹni tí ọyún bá ti ibẹ̀ wọ ọpọlọ kì í sábà yè é. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ egungun. Àwọn kan ń yọ eyín òkè kí wọ́n lè gba ojúhò eyín wọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní 1893, George Caldwell ní New York la egungun lábẹ́ ètè òkè. Ní 1897, Henri Luc ní Paris ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìgbọ́ ti Caldwell, orúkọ àwọn méjèèjì ni a sì so pọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ń họ gbogbo awọ inú ihò náà kúrò, wọ́n sì ń dá fèrèsé tuntun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọyún lè máa sọ̀ kalẹ̀. Ti iwájú orí ni ó le jù. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan ń yọ odidi egungun iwájú ihò náà kúrò, tí iwájú orí aláìsàn yóò fi jìn wọnú títí ayé. Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rántí pé ikú ni ó ń lé àwọn dókítà náà kò ní bá wọn wí púpọ̀.

Àṣìṣe wọn wà ní ibòmíràn. Wọ́n rò pé ikun a máa ṣàn bí omi òjò, pé bí a bá ti ṣí ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó ti parí. Láti àwọn ọdún 1930 ni Anderson Hilding, dókítà ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, ti ń tọpa ọ̀nà tí ikun ń gbà rìn. Walter Messerklinger ní ìlú Graz, ní ilẹ̀ Ọ́síríà, ni ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó fínnífínní, tí ó sì rí ohun ìyanu kan: bí a tilẹ̀ dá fèrèsé ńlá sí ìsàlẹ̀, àwọn irun wíníwíní náà yóò ré e kọjá, wọn yóò sì máa gbé ikun lọ sí ẹnu ọ̀nà àbáláyé ní òkè. Bí ẹnu ọ̀nà yẹn bá ṣì dí, àrùn kò lọ. Bí a bá sì ṣí i, awọ tí ó ti wú, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, sábà máa ń padà sípò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni họ ọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí Messerklinger lè rí èyí nínú imú ẹni tí ó wà láàyè ni awò tínínrín tí Harold Hopkins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìlànà rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Karl Storz ní Jámánì sì ń ṣe láti àwọn ọdún 1960. Ìwé Messerklinger lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1978. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Heinz Stammberger, àti David Kennedy ní Baltimore ni wọ́n gbé ìmọ̀ náà káàkiri ayé láti 1985. Láti ìgbà náà, ihò imú ni a ń gbà ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ abẹ yìí, láìla ojú, láìla ètè.

Oògùn náà ní ìtàn tirẹ̀. Nagai Nagayoshi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, yọ èròjà ẹ́fẹ́dírìnì láti inú ewéko kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò tipẹ́, ní 1885. Láti ọdún 1924 ni ìmọ̀ nípa agbára rẹ̀ ti tàn kálẹ̀. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó di oògùn tí a ń kán sí imú kí ó lè là. Ó ń yára ṣiṣẹ́, ewu rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń kán an kọjá ọjọ́ 3 sí 5 yóò rí i pé imú òun tún ń dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní kété tí agbára oògùn náà bá pin, yóò sì tún kán òmíràn. Ní ti penisilíìnì tí Alexander Fleming ṣàkíyèsí ní 1928, tí ó sì dé ọwọ́ àwọn dókítà ní àwọn ọdún 1940, ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọyún ihò ojú ìbá ti pa. Ṣùgbọ́n kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ, penisilíìnì kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Nínú 100 àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn mú, kò ju nǹkan bí 2 lọ tí tiwọn ń di èyí tí ó nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dá àwọn díẹ̀ náà mọ̀? Kì í ṣe àwọ̀ ikun ni a fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí ikun ọ̀fìnkìn lásán náà a máa di aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ ni a ń kà. Ọ̀fìnkìn a máa rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10. Bí imú dídí, ikun líle àti ìrora ojú bá kọjá ọjọ́ 10 láìdínkù. Tàbí tí ara ń yá bọ̀ kí ó tó tún ṣẹ́rí padà. Tàbí tí ibà gíga àti ọyún bá wà papọ̀ fún ọjọ́ 3 tàbí 4, ìgbà náà ni dókítà máa ń ronú nípa kòkòrò àrùn. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀fọ́rí tí kò ní ikun nínú. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde àyẹ̀wò jáde nípa àwọn ènìyàn 2,991 tí wọ́n gbà pé sáínọ́ọ̀sì ni ó ń fọ́ àwọn lórí: 88 nínú 100 wọn ni àmì tiwọn bá ti irú ẹ̀fọ́rí tí Yorùbá ń pè ní túúlu mu. Ọ̀pọ̀ irú wọn ti gbé oògùn kòkòrò àrùn mì lásán.

Ní ti ìtura, ohun tí ó pẹ́ jù lọ ni ó ṣì wúlò. Àwọn oníyóògà ilẹ̀ Índíà ti ń fi omi iyọ̀ fọ imú láti ayébáyé, ọwọ́ ìṣègùn òde òní sì tẹ̀ lé e: ṣíbí kékeré iyọ̀ kan nínú ìdajì lítà omi, kí ó gba ihò imú kan wọlé, kí ó sì gba èkejì jáde. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a sè hó, tí a sì jẹ́ kí ó tutù. Ní 2011, ènìyàn 2 kú ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí wọn kò sè fọ imú, kòkòrò kan tí ó wà nínú omi náà sì gba imú wọ ọpọlọ wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ a máa bo aṣọ lórí ìkòkò àgbo ẹfinrin gbígbóná, kí wọ́n lè fa ooru rẹ̀ símú, ní ìgbà ọyẹ́ pàápàá. Ooru náà a máa tu àgbàlagbà lára fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé ìkòkò omi híhó síwájú ọmọdé, nítorí ọmọ tí omi bó níbẹ̀ kò mọ níwọ̀n.

Ohun tí Pott rí kò tíì kúrò láyé. Bí ojú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kátà ń dà láàmú bá ṣàdédé wú, tí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta tàbí tí kò lè yí i, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tí ọrùn rẹ̀ gan, tàbí tí iwájú orí rẹ̀ wú rọ̀bọ̀, ilé ìwòsàn ni kí olùkọ́ gbé e lọ ní wákàtí náà, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ láti ọ̀hún.