Sàínábù, Béjídé àti Badirat: Ìtàn Tó Wà Nínú Orúkọ Ọmọbìnrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Agége àti Ìkẹjà wa yìí, orúkọ ọmọ tuntun a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé Mùsùlùmí. Bàbá ọmọ á ní orúkọ Lárúbáwá nìkan ni òun fẹ́. Ìyá àgbà á ní òjò ló mú ọmọ náà wá, Béjídé ni òun yóò máa pè é. Ìyá ọmọ á ní orúkọ òdòdó ló wu òun. Nígbà mìíràn, ọjọ́ kẹjọ á pé, ìjà kò ní tíì parí. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ewé, òjò tàbí òṣùpá tí Ọlọ́hun dá sọ ọmọ wa lórúkọ? Ẹ jẹ́ kí á bi ìtàn léèrè.

Nígbà ayé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Barra, èyí tí í ṣe oníwà rere. Ànábì yí orúkọ náà padà fún wọn, nítorí kò yẹ kí ènìyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí wà nínú Súrà 53, áyà 32. Ọ̀kan nínú wọn ni Zaynab ọmọ Jahsh, ìyàwó Ànábì. Kí ni Zaynab? Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá sọ pé igi kan ni, tí ó dùn-ún wò, tí òórùn rẹ̀ sì dára. Ẹ wò ó bí orúkọ igi ṣe rọ́pò orúkọ ìyìn! Òun náà ni àwọn ìyá wa ń pè ní Sàínábù.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà láyé ni à ń fi sọmọ. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Hazn, èyí tí í ṣe ilẹ̀ líle. Ànábì ní kí ó máa jẹ́ Sahl, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó rọrùn. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní yí orúkọ tí bàbá òun sọ òun padà. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Sa'id ọmọ al-Musayyab, ló wá sọ lẹ́yìn náà pé líle yẹn kò kúrò nínú ìdílé àwọn. Ìtumọ̀ ni Ànábì ń wò.

Ẹ wo àwọn orúkọ tí a ti ń jẹ́ tipẹ́. Badirat wá láti ara badr, òṣùpá àrànmọ́jú. Nojimat wá láti ara najm, ìràwọ̀. Kaosarat wá láti inú Súrà 108, ó sì tún jẹ́ orúkọ odò kan ní Àlùjánnà. Rayhanat ni ewé olóòórùn dídùn tí Alùkùránì dárúkọ nínú Súrà 55 àti 56.

Ti àsìkò ọdún ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì ló ń dàpọ̀ lẹ́nu wa nínú Rábíátù. Èkíní ni "ẹ̀kẹrin", bíi ti Rábíà, obìnrin olùfọkànsìn ìlú Basra, tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọbìnrin kẹrin tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Èkejì wá láti ara rabī', ìgbà tí koríko ń hù lẹ́yìn òjò. Láti ibẹ̀ ni orúkọ oṣù Rabī'ul-Awwal ti wá. Ṣùgbọ́n ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún oòrùn lọ, nítorí náà oṣù yìí lè bọ́ sígbà òjò lónìí, kí ó bọ́ sígbà ọyẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ fi àsìkò sọmọ kò lè gbára lé orúkọ oṣù.

Àwọn Yorùbá ti ní tiwọn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pín orúkọ wa sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Àbísọ ni Béjídé, "bá èjì dé", èjì sì ni òjò. Àbísọ náà ni Abíọ́dún, tí ó bá ọmọ tí a bí nígbà Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ mu. Kò sí òrìṣà kankan nínú méjèèjì.

Agége fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ojú irin tó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá, oko obì sì kó àwọn Hausa oníṣòwò wá. Àwọn náà ń sọmọ ní Jummai nítorí ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sì ń sọmọ ní Anaruwa nítorí òjò. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory gbé Markaz wá sí Agége láti Abẹ́òkúta ní 1955, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń pọ̀ sí i ní Ìkẹjà. Àwọn onírúurú ènìyàn wá ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ bi ààfáà yín ní ìtumọ̀ orúkọ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ẹ má sọmọ lórúkọ nítorí pé ó dùn lẹ́nu lásán. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá àgbà fi omijé kúrò nídìí ìkókó nítorí Béjídé. Ọmọ kan lè jẹ́ Sàínábù Béjídé, kí igi àti òjò pàdé lára rẹ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ti àwọn ọmọ wa rò wọ́n sí rere. Àmín.